Àwòrán sátẹ́láìtì Òṣogbo tí mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà ti sọ ibùdó rẹ̀ nù, ìṣirò hẹ́kítà mi náà sì ti dàrú

Arìnlẹ̀wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ́fíìsì kékeré kan tó ń ya máàpù ní agbègbè Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ya máàpù ìlò ilẹ̀ fún Igbó Ọ̀ṣun àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, kí máàpù náà fi ibi tí igbó ṣì wà hàn, kí ó fi oko hàn, kí ó fi ibi tí ilé ti dé àti ibi tí odò ń gbà kọjá hàn. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá tí a ó gbé kọ́ kí àwọn ará àdúgbò lè rí ilẹ̀ wọn, a ó sì kọ iye hẹ́kítà ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà àwọ̀ gbọ́dọ̀ dára lójú, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ péye. Ní báyìí, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo gba àwòrán Sentinel-2, sátẹ́láìtì tí ń ya ilẹ̀ ayé, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, mo kó báǹdì (ìpín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí sátẹ́láìtì ń wọ̀n) B08, B04, B03 àti B02 pọ̀ sínú GeoTIFF kan (fáìlì àwòrán tó mọ ibùdó rẹ̀ lórí ilẹ̀) ní títẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi ètò tí a fi ń wo fọ́tò lásán ṣí i, dúdú kirikiri ni mo rí. Nígbà tí mo ṣí i nínú QGIS, ètò tí a fi ń ya máàpù, ó hàn kedere, ṣùgbọ́n gbogbo igbó ló pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé àwọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́, ni mo bá gbé e lọ sínú ètò tí àwọn ayàwòrán fi ń tún fọ́tò ṣe, mo fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, mo yí pupa padà sí àwọ̀ ewé, mo sì fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi TIFF. Ojú rẹ̀ dára gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo dá a padà sínú QGIS, kò sí ní Òṣogbo mọ́. Inú òkun ni mo ti bá a, ní ìsàlẹ̀ Ghana.

Èkejì ni rásítà ìsọ̀rí ilẹ̀, àwòrán tí nọ́ńbà kan wà fún píkísẹ̀lì (ojú kékeré) rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí mo ṣe láti inú àwòrán àkọ́kọ́ kí n tó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìsọ̀rí márùn-ún ni: 1 ni igbó, 2 ni oko, 3 ni ilé, 4 ni omi, 5 ni ilẹ̀ gbalasa, tábìlì àwọ̀ sì wà nínú fáìlì náà. Wọ́n ní kí n gbé e sínú ìwọ̀n dígírì bí ti GPS, mo sì lo gdalwarp, àṣẹ tí ń gbé àwòrán láti ètò ìwọ̀n kan bọ́ sí òmíràn, pẹ̀lú `-r bilinear` nítorí mo gbọ́ pé ó máa ń jẹ́ kí àwòrán jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ di RGB (báǹdì mẹ́ta: pupa, ewé àti aró), mo fi JPEG fún un pọ̀ kí fáìlì lè fúyẹ́. Ní báyìí, ilé ti hù sí etí Odò Ọ̀ṣun níbi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn tí n kò rí ilé kankan, ìlà oko tẹ́ẹ́rẹ́ sì yọ láàárín igbó àti àdúgbò níbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ ebè sí. Nígbà tí mo ní kí QGIS ka ìsọ̀rí, kì í ṣe márùn-ún ni ó kà fún mi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣìnà? Ṣé mo lè tún àwọn fáìlì wọ̀nyí ṣe ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Onísátẹ́láìtì

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Inú mi dùn pé o fi ẹsẹ̀ rìn dé etí odò náà, torí pé ìrìn yẹn ló jẹ́ kí o mọ̀ pé nọ́ńbà náà ń purọ́. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni èmi yóò dáhùn, àwọn ẹlòmíràn yóò fi tiwọn kún un.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú fáìlì rẹ àkọ́kọ́. Dúdú tí o rí nínú ètò fọ́tò tọ́, pupa tí o rí nínú QGIS náà sì tọ́, ohun tí wọ́n ń wí ni kò tíì yé ọ. Fọ́tò tí fóònù wa ń yà ní nọ́ńbà láti 0 dé 255 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí à ń pè ní bíìtì mẹ́jọ nìyẹn. Ti Sentinel-2 yàtọ̀. Ìdá ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ilẹ̀ dá padà sókè ni wọ́n fi 10,000 sọ di púpọ̀ kí ó lè di nọ́ńbà odidi, wọ́n sì fi í sínú àpótí bíìtì mẹ́rìndínlógún, èyí tó lè gba nọ́ńbà láti 0 dé 65,535. Nínú báǹdì tí ojú ènìyàn lè rí, ewé, omi àti ilẹ̀ pupa tiwa kì í sábàá kọjá 3,000. Ètò fọ́tò rẹ gbà pé 65,535 ni funfun, nítorí náà ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú igbó rẹ kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lójú rẹ̀. Bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n 255, nǹkan bíi 12 ni. Òkùnkùn ni ojú ènìyàn máa ń pe 12.

QGIS gbọ́n díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń wo ibi tí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà wà, ó sì máa ń na ibẹ̀ láti dúdú dé funfun lórí ojú kọ̀ǹpútà láìfi ọwọ́ kan fáìlì. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi hàn kedere níbẹ̀.

Ní ti igbó tó pupa, ọ̀nà tí o gbà to báǹdì ló fà á. B08 ni o fi ṣe àkọ́kọ́, QGIS sì fi báǹdì àkọ́kọ́ sí ipò pupa. B08 kì í ṣe àwọ̀ tí ojú lè rí, ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa ni, ewé tútù sì máa ń dá a padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí igbó bá ṣe pọ́n tó lójú rẹ ni ewé rẹ̀ ṣe tutù tó. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó fẹ́ràn pupa yẹn gan-an, àwọ̀ tí o pa rẹ́ nínú ètò fọ́tò ni ohun tó wúlò jù nínú àwòrán náà. Fún máàpù tí ará àdúgbò yóò wò, fi báǹdì 2, 3 àti 4 inú fáìlì rẹ sí ipò pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, yóò sì rí bí ojú wa ṣe ń rí i.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀dà bíìtì mẹ́jọ fún wíwò, má lo ètò fọ́tò, lo èyí:

`gdal_translate -b 2 -b 3 -b 4 -ot Byte -scale 0 3000 0 255 osogbo_16.tif osogbo_wiwo.tif`

Má fi `-scale` sílẹ̀ láìkọ nọ́ńbà síwájú rẹ̀ o. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò wá nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù nínú báǹdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òrùlé páànù tuntun kan ṣoṣo tí oòrùn ń tàn lé lórí tó láti sọ gbogbo ìlú yòókù di òkùnkùn, àti nítorí pé òṣùwọ̀n báǹdì mẹ́ta kò ní jọra mọ́, igbó lè di àwọ̀ aró, ilẹ̀ gbalasa sì lè di ìyeyè tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Awọnlẹ̀ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú àlàyé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ibùdó.

TIFF ti wà láti ọdún 1986, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Aldus gbé e jáde, kì í sì í ṣe nítorí máàpù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ti máa ń rí àmì tí a fi nọ́ńbà pè, ọ̀kan ń sọ fífẹ̀ àwòrán, òmíràn ń sọ iye bíìtì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó sọ TIFF lásán di GeoTIFF kò ju àmì díẹ̀ tí a fi kún un lọ: 33550 ń sọ bí píkísẹ̀lì kan ṣe fẹ̀ tó lórí ilẹ̀, 33922 ń so igun àwòrán mọ́ ibì kan ní ayé, 34735 sì ń sọ ètò ìwọ̀n ilẹ̀ tí a lò. Ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe kò mọ àwọn àmì wọ̀nyí. Nígbà tó bá ń kọ fáìlì tuntun, àwọn àmì tó mọ̀ nìkan ni yóò kọ, yóò sì ju ìyókù nù láìsọ fún ọ. Báyìí ni àwòrán rẹ ṣe di aláìnílé.

QGIS kò kọ àwòrán aláìnílé sílẹ̀. Ó máa ń gbé igun òkè ọwọ́ òsì rẹ̀ sí orí 0,0, yóò sì gbà pé píkísẹ̀lì kan jẹ́ ìwọ̀n kan. Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dígírì mẹ́rin ààbọ̀ níhà ìlà-oòrùn, èyí tó bọ́ sínú ìpín 31 níhà àríwá ti UTM, ètò ìwọ̀n ilẹ̀ tí ń lo mítà, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ àwọn ètò ìwọ̀n ilẹ̀ jẹ́ EPSG:32631. Nínú ètò yìí, ibi tí 0,0 bọ́ sí ni orí ìlà agbedeméjì ayé, níhà gúúsù Ghana, lójú agbami. Bí o bá tún rí àwòrán rẹ ní ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, àwọn àmì wọ̀nyí ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Bí o kò bá gé àwòrán náà, tí o kò sì yí iye píkísẹ̀lì rẹ̀ padà, ó ṣeé túnṣe. Àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ `gdalcopyproj.py`, o ó kọ orúkọ fáìlì àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀, o ó sì kọ ti fáìlì aláìnílé tẹ̀ lé e, yóò da ibùdó èyí kọ sára tọ̀hún. O tún lè fi `gdal_translate` ṣe é, pẹ̀lú `-a_srs EPSG:32631` àti `-a_ullr` tí nọ́ńbà igun méjèèjì yóò tẹ̀ lé. Nọ́ńbà igun náà wà nínú ohun tí `gdalinfo` bá sọ fún ọ nípa fáìlì àkọ́kọ́.

Àwọn kan á ní kí o kọ fáìlì `.tfw` sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ìlà mẹ́fà péré ni, ṣùgbọ́n kí o ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, ìlà karùn-ún àti ìkẹfà ń sọ àárín píkísẹ̀lì àkọ́kọ́, kì í ṣe igun rẹ̀. Bí o bá kọ nọ́ńbà igun síbẹ̀, gbogbo máàpù rẹ yóò fi mítà márùn-ún yẹ̀ síhà ìwọ̀-oòrùn àti mítà márùn-ún síhà àríwá, o kò sì ní tètè mọ̀. Èkejì, `.tfw` kò mọ ètò ìwọ̀n ilẹ̀ rárá, kò lè sọ bóyá mítà ni àbí dígírì.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí. `-a_srs` kì í gbé àwòrán kúrò níbi tó wà, orúkọ ni ó ń kọ sí i lára. `gdalwarp` pẹ̀lú `-t_srs` ni ó ń ṣí i nípò. Bí ènìyàn bá kọ "Ìbàdàn" sára ilé tó wà ní Òkè-Baálẹ̀, ilé náà kò tíì kúrò ní Òṣogbo. Bí ọ́fíìsì yín bá ní máàpù àtijọ́ tí wọ́n wọ̀n lórí Minna, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà, kí ẹ má kàn kọ EPSG:32631 sí i lára. Tirẹ̀ ni EPSG:26331 bí ó bá jẹ́ UTM ìpín 31, tàbí EPSG:26391 bí ó bá jẹ́ ètò ẹkùn ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ láàárín Minna àti WGS84, ìpìlẹ̀ tí GPS àti EPSG:32631 ń lò, tó láti gbé ilé kọjá sí òdìkejì títì.

Ọmọ Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Kí n tó dé orí ìsọ̀rí, ẹ jọ̀wọ́, Ẹ̀gbọ́n Onísátẹ́láìtì, ẹ fún mi láyè kí n ṣe àtúnṣe kékeré kan sí àṣẹ tí ẹ kọ. Láti ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi 1,000 kún gbogbo nọ́ńbà inú Sentinel-2 kí nọ́ńbà tó bá kéré ju òfo lọ má baà sọnù. Àwòrán ọdún tó kọjá wà lára èyí tí ó kàn. Bí Arìnlẹ̀wò bá fi 0 dé 3000 na tirẹ̀, kò sí ibi tí yóò dúdú dáadáa, àwòrán náà yóò rí bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo ìlú. Kí ó lo `-scale 1000 4000 1 255 -a_nodata 0`. Mo fi 1 bẹ̀rẹ̀ dípò 0 nítorí pé 0 ni a yà sọ́tọ̀ fún ibi tí sátẹ́láìtì kò yà rárá. Bí òjìji díẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ 1,000, píkísẹ̀lì rẹ̀ lè di ihò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè ba máàpù wíwò jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé láti orí ìkànnì tó ti yọ 1,000 náà kúrò ni o ti gbà á, ti Ẹ̀gbọ́n tọ̀nà. `gdalinfo -stats` yóò fi hàn ọ́.

Ọ̀rọ̀ nodata yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé ilé aláró ni wọ́n bí mi sí, ọ̀nà yẹn ló sì fi yé mi. Nígbà tí ìyá mi bá ń ṣe àdìrẹ oníko, ibi tó bá fi ìko so kò gba aró. Funfun tó kù níbẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ tí a kùn sí aṣọ, ibi tí aró kò dé ni. Nodata náà rí bẹ́ẹ̀. 0 tó wà ní ìta àwòrán kì í ṣe dúdú, ibi tí a kò wọ̀n ni. Ìwọ wá lo JPEG. JPEG kò fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pamọ́ bí ó ti rí, píkísẹ̀lì mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ ni ó máa ń pa pọ̀ ṣe ìṣirò, ó sì máa ń ju ohun tó rò pé ojú kò ní rí nù. Nítorí náà, ní etí àwòrán, 0 di 1, 2 tàbí 5, ó jọ dúdú ṣùgbọ́n kì í ṣe 0 mọ́. Ìko ti tú nìyẹn, aró ti wọlé síbi tí kò yẹ. Fún àwòrán wíwò, àṣẹ `nearblack` wà tó lè fọ etí yẹn mọ́. Fún rásítà ìsọ̀rí, kò sí ohun tó lè tún un ṣe, torí kì í ṣe etí nìkan ló dàrú.

Ilé tó hù sí etí odò rẹ ńkọ́? Wo nọ́ńbà tí o fún ìsọ̀rí. Igbó jẹ́ 1, omi jẹ́ 4. `-r bilinear` máa ń mú píkísẹ̀lì mẹ́rin tó súnmọ́ ara wọn, yóò sì wá àárín nọ́ńbà wọn. Àárín 1 àti 4 ni 2 àti 3 wà, oko àti ilé nìyẹn! Láàárín igbó tó jẹ́ 1 àti ilé tó jẹ́ 3, 2 ni yóò bọ́ sí, ó sì di oko. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé orúkọ ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ó rò pé ìwọ̀n ni wọ́n. Ìwọ̀n òjò lè ní àárín, gíga ilẹ̀ lè ní àárín, ṣùgbọ́n igbó àti omi kò ní àárín tó ń jẹ́ ilé. Fún rásítà ìsọ̀rí, `-r near` ni kí o lò, tàbí `-r mode` bí o bá fẹ́ kí píkísẹ̀lì tóbi sí i.

Lẹ́yìn náà ni o tún fi RGB lé e lórí. Nígbà tí tábìlì àwọ̀ wà nínú fáìlì, báǹdì kan ṣoṣo ni, 1 ń jẹ́ 1, tábìlì ni ó ń sọ pé kí ojú rí 1 bí àwọ̀ ewé. Nígbà tí o sọ ọ́ di RGB, 1 ti kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta àwọ̀ ewé ló kù. JPEG wá da àwọ̀ wọn pọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọ̀ ti wá. Má rò pé `rgb2pct.py` yóò dá ìsọ̀rí rẹ padà. Tábìlì àwọ̀ tuntun ni yóò ṣe fún ara rẹ̀ láti inú àwọ̀ tó bá níbẹ̀, kò mọ ohun tí o pè ní igbó.

Aṣọ funfun tí a bá ti rẹ sínú aró kì í padà di funfun mọ́. Nítorí náà ni ìyá mi ṣe máa ń fi ìpele funfun kan pamọ́ sínú àpótí nínú gbogbo aṣọ funfun tó bá rà. Ìwọ náà, fi GeoTIFF bíìtì mẹ́rìndínlógún àti rásítà ìsọ̀rí onítábìlì àwọ̀ pamọ́ sínú fódà kan tí o kò ní fi ọwọ́ kàn, kí o fi `COMPRESS=DEFLATE` fún wọn pọ̀, èyí kì í ju nọ́ńbà kankan nù. Ẹ̀dà ni kí o máa rẹ láró. Rásítà ìsọ̀rí tìrẹ, tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ bí èyí tó wà kí o tó lo gdalwarp kò bá sí mọ́.

Má sì ṣe ìṣirò hẹ́kítà nínú ìwọ̀n dígírì. Dúró sínú EPSG:32631, níbi tí píkísẹ̀lì kan ti jẹ́ mítà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, tí ọgọ́rùn-ún píkísẹ̀lì sì jẹ́ hẹ́kítà kan. O ní ohun tí o lè fi dán ara rẹ wò: Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005 jẹ́ hẹ́kítà 75. Bí o bá fi ààlà rẹ̀ gé rásítà rẹ, tí o ro gbogbo ìsọ̀rí pọ̀, nǹkan bíi píkísẹ̀lì 7,500 ni ó yẹ kí o rí. Bí o bá rí ohun tó jìnnà sí i, má tẹ máàpù náà o.

Arìnlẹ̀wò

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Mo ti rí rásítà ìsọ̀rí àkọ́kọ́ nínú fódà tí mo rò pé mo ti pa rẹ́, báǹdì kan ni, nọ́ńbà láti 1 dé 5 nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo fi ààlà igbó gé e, iye tó fún mi súnmọ́ 7,500 dáadáa. Ilé etí odò ti lọ. Àwòrán aláìnílé náà sì ti padà sí Òṣogbo, afárá orí odò bọ́ sórí afárá.

Ohun méjì ló kù. Àwọn tí yóò bá wa tẹ̀ ẹ́ ní CMYK (àwọ̀ tádàwà mẹ́rin) ni àwọn ń gbà. Mo dán an wò, igbó mi tó ń dán di àwọ̀ ewé tó ti rọ, nígbà tí mo sì gbé TIFF CMYK náà sínú QGIS, apá kan ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èkejì, mo fẹ́ fi gíga ilẹ̀ sí abẹ́ máàpù náà kí òkè àti àfonífojì lè hàn. Mo gba fáìlì gíga ilẹ̀ tí ń jẹ́ SRTM, mo sọ orúkọ rẹ̀ di `giga_osogbo.hgt`, láti ìgbà náà kò ṣí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Onísátẹ́láìtì

Ọmọ Aláró, ẹ ṣeun fún àtúnṣe yẹn. Mo ti gbàgbé 1,000 náà pátápátá, àwòrán ọdún 2019 ni mo ń lò lọ́wọ́.

Arìnlẹ̀wò, dá orúkọ fáìlì náà padà sí `N07E004.hgt`. Fáìlì yẹn kò ní àmì ibùdó kankan nínú, orúkọ rẹ̀ ni ibùdó rẹ̀: dígírì 7 níhà àríwá, dígírì 4 níhà ìlà-oòrùn, igun ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì. Nígbà tí o pa orúkọ dà, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá mọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìwọ̀n bíi ọgbọ̀n mítà, ìlà 3,601 ni ó ní, píkísẹ̀lì 3,601 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, báìtì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fáìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ báìtì 25,934,402 gẹ́lẹ́. Bí ó bá dín, kò wọlé tán nígbà tí o ń gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí a kò rí wọ̀n nínú rẹ̀ ni −32768. Bí `gdalinfo` bá ti ṣí i, sọ ọ́ di GeoTIFF kíákíá, lẹ́yìn ìyẹn o lè pè é ní orúkọ tó bá wù ọ́. Bí o bá fi `gdaldem color-relief` kùn ún, rántí pé àwọ̀ ni yóò wà nínú fáìlì tuntun náà, gíga ti kúrò níbẹ̀.

Atẹ̀wé Ìgbọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, máàpù sì ti gba ọwọ́ mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọ̀ ewé rẹ rọ nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe àwọ̀, bébà sì ń fi tádàwà ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti aró bá para pọ̀, wọ́n á di funfun. Tádàwà bá para pọ̀, òkùnkùn ló ń di, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo mẹ́rin, tí ìkẹrin sì jẹ́ dúdú. Àwọ̀ ewé tó ń kọ mànà lójú kọ̀ǹpútà kò sí nínú tádàwà rárá, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó. Kò sí ètò tó lè mú un wá. Yan àwọ̀ ìsọ̀rí rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú èyí tí tádàwà lè ṣe, ewé tó jinlẹ̀ díẹ̀ fún igbó, ìyeyè tó rọ̀ fún oko, kí o sì rí i pé àwọ̀ inú àlàyé ẹ̀gbẹ́ máàpù yí padà pẹ̀lú ti máàpù fúnra rẹ̀. Mo ti tẹ máàpù rí tí àwọ̀ omi inú àlàyé àti ti odò kò jọra mọ́, àwọn tó wò ó kò mọ odò.

Ibi tó ṣe bí ẹni pé kò sí: báǹdì mẹ́rin ni TIFF CMYK, báǹdì kẹrin jẹ́ tádàwà dúdú, àwọn ètò máàpù sì máa ń ka báǹdì kẹrin sí àmì ìhàn-gbangba. Ibi tí kò sí tádàwà dúdú ni ó rò pé kí ó fi pamọ́. Má dá fáìlì CMYK padà sínú QGIS mọ́. Parí máàpù rẹ ní RGB, gbé e jáde gẹ́gẹ́ bíi PDF, kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ irú ìwé àwọ̀ ICC (fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ àwọ̀) tí ẹ̀rọ wọn ń lò, orí PDF náà ni kí wọ́n ti yí i padà ní ìgbẹ̀yìn.

Ronú nípa òṣùwọ̀n náà pẹ̀lú. Ní 1:10,000, píkísẹ̀lì mítà mẹ́wàá yóò gba mìlímítà kan lórí bébà, ojú yóò rí i bí ìgun ìgun. Gbogbo Igbó Ọ̀ṣun kò sì ní ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 75 lórí bébà lọ, àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ kí ará àdúgbò rí igbó náà dáadáa, ẹ ya á sọ́tọ̀ sí igun kan ní 1:5,000, kí ẹ sì jẹ́ kí píkísẹ̀lì rẹ̀ hàn bí ó ti rí. Ẹ má fi bilinear tan ojú wọn níbẹ̀. Kí o sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọ̀ márààrún wà lórí rẹ̀, kí o gbé e jáde síta, kí o wò ó nínú oòrùn.

Arìnlẹ̀wò

`N07E004.hgt` ti ṣí, báìtì rẹ̀ pé. Mo ti yí àwọ̀ igbó sí èyí tó jinlẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi tẹ ìlà àwọ̀ márùn-ún náà. Lọ́la ni mo ń lọ gbà á, n óò gbé e dé etí odò kí n wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó fúnra rẹ̀, n óò sì padà wá sọ bí ó bá ṣe rí.